Ẹ Bi Wá Léèrè: Kọ́míìkì, Láti Orí Itan Dé Ara Ògiri

Ìtàn aláwòrán, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní kọ́míìkì, ni lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lé jù. A ti gé àwọn tó gùn kúrú, a sì fi ìlú ẹni tó kọ̀wé nìkan sílẹ̀.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí. Ọ̀gá kan nílé ìwé wa ní kí n yé fi kọ́míìkì kọ́ àwọn ọmọ mọ́, pé ẹ̀fẹ̀ ni, kì í ṣe ojúlówó iṣẹ́ ọnà. Ṣé lóòótọ́ ni àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńlá ń gbé e kọ́ ògiri, àbí ariwo lásán ni? (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ẹ má tíì lọ sókè òkun, ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ọmọ bíbí Ìkẹ́rẹ́ ni dele jegede (lẹ́tà kékeré ló fi ń kọ orúkọ ara rẹ̀), ẹni tó ń ya “Kole the Menace” nínú ìwé ìròyìn Sunday Times. Òun kan náà ló di ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó àti ní Amẹ́ríkà, tó sì ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Nàìjíríà. Ṣáájú rẹ̀ ni Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú fún ìwé ìròyìn West African Pilot láti ọdún 1944, tó sì tún ń ya ojú èèyàn sórí aṣọ kánfáàsì. Àwọn méjèèjì kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe ti ọ̀tún kí wọ́n sì ṣe ti òsì.

Ní ti mùsíọ́ọ̀mù, ẹnu ọ̀nà méjì ni kọ́míìkì gbà wọlé, àwọn èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ẹnu ọ̀nà kìíní ni ti àwọn ayàwòrán tó bu àwòrán nínú kọ́míìkì. Roy Lichtenstein ya “Whaam!” ní 1963, apá méjì tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà mẹ́rin, mùsíọ́ọ̀mù Tate ní London sì rà á ní 1966. Inú àpótí kan (ìyẹn àwòrán kan tí wọ́n fi ìlà yí ká lójú ewé) nínú kọ́míìkì ogun tí ilé iṣẹ́ DC tẹ̀ jáde ní 1962 ló ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irv Novick ló ya àpótí yẹn. Lichtenstein tún un tò, ó sọ àwọn àmì tó-tò-tó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé di ńláńlá, ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Àwọn tó kọ́kọ́ ya irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í rí nǹkan gbà nínú owó tí kánfáàsì ń mú wá. Àwọn kan pè é lólè, àwọn kan ní ó fi ojú tuntun hàn wá. Lójú tiwa, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó, nǹkan mìíràn tún sọnù: àpótí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó yọ ẹsẹ kan ṣoṣo láàárín oríkì, ohun tó yọ á ṣì dùn létí, ṣùgbọ́n a ò ní mọ ẹni tí wọ́n ń kì mọ́.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni ti kọ́míìkì fúnra rẹ̀. Ní 1991, mùsíọ́ọ̀mù MoMA ní New York pàtẹ àwọn àwòrán tí Art Spiegelman fi ṣe kọ́míìkì rẹ̀, Maus. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé náà gba ẹ̀bùn Pulitzer àkànṣe. Láti 2005 ni Louvre ní Paris ti ń bá ilé ìtẹ̀wé ṣe kọ́míìkì tó dá lórí mùsíọ́ọ̀mù náà. Ní oṣù kìíní 2021, wọ́n lu àwòrán tí Hergé yà ní 1936 fún ẹ̀yìn ìwé kọ́míìkì Tintin ní gbàǹjo ní Paris, ó sì kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta yúrò, bẹ́ẹ̀ àpá ibi tí wọ́n ti ká a ṣì wà lára rẹ̀ gbangba.

Èyí tó yẹ kí ẹ fi han àwọn ọmọ yín jù ni “Rythm Mastr” ti Kerry James Marshall, ayàwòrán Amẹ́ríkà tí kánfáàsì rẹ̀ wà ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńlá. Ìpàtẹ Carnegie ní Pittsburgh ni ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999. Bébà ìwé ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́ sí, àwọn òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára ohun tó fi dá àwọn akọni inú rẹ̀. Ẹni tó lè ya kánfáàsì tó bo ògiri ló mọ̀ọ́mọ̀ yan àpótí, bàlúùnù tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn sí àti bébà tí kì í pẹ́ pọ́n. Ẹ bi ọ̀gá yín pé kí ló dé.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé kọ́míìkì ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére gbẹ́. Ṣé òótọ́ ni? (Ìsẹ̀-Èkìtì)

Kì í ṣe kọ́míìkì, àmọ́ ẹbí ni wọ́n. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 wà ní London báyìí. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní 1924, British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kọ̀ láti tà á, àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni bí Ògògà ṣe gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkìtì, lálejò. Ògògà àti àwọn ará ilé rẹ̀ wà lápá kan. Apá kejì ni òyìnbó wà, tí wọ́n fi àga ìgbérù gbé bọ̀ pẹ̀lú àwọn aláàárù. Ìlà ibi tí ilẹ̀kùn méjèèjì ti pàdé ló wà láàárín àlejò àti onílé.

Ìlà yẹn ló yẹ kí ẹ wò. Nínú kọ́míìkì, àlàfo funfun tó wà láàárín àpótí méjì ni iṣẹ́ wà: ayàwòrán kò ya ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òǹkàwé ló ń fi ọkàn rẹ̀ yà á. Ọlọ́wẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ohun tó ya ilẹ̀kùn sọ́tọ̀ ni pé kò sí ẹni tó pa á láṣẹ pé ibi báyìí ni kí ojú ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè wò ó láti òkè bọ̀ sílẹ̀ tàbí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìtàn náà á ṣì jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ bá yí àpótí kọ́míìkì padà, ìtàn náà dàrú. Kò sí ọ̀rọ̀ lára ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú.

Àṣà yìí kò dúró sọ́dọ̀ Ọlọ́wẹ̀. Ní Ọ̀yẹ́, níbi tí Fada Kevin Carroll ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, tí Lamidi Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àrẹògún, ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní àpótí àpótí, aṣọ Yorùbá sì wà lọ́rùn àwọn èèyàn inú rẹ̀.

Mo ní ojú ewé mẹ́rìnlélógún tí mo fi báírò àti máàkà yà sórí A4. Gbọ̀ngàn kan ní Adó fẹ́ fún mi láàyè ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kí n gbé gbogbo rẹ̀ kọ́? Ṣé kí n sọ wọ́n di ńlá kó lè jọ iṣẹ́ ọnà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ kọ́. Ẹni tó ń ka kọ́míìkì nílé jókòó, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn wà lórí ìdúró, ẹlòmíràn sì ń tì í lẹ́yìn. Ojú ewé mẹ́fà sí mẹ́jọ tí wọ́n tẹ̀ léra ni ẹsẹ̀ èèyàn lè gbà kí ó tó máa fo ewé. Ẹ yan ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ má ṣe ṣa ewé tó “dára jù” láti ibí àti láti ọ̀hún, nítorí ohun tí Lichtenstein ṣe fún Novick lẹ ń ṣe fún ara yín yẹn. Ẹ tẹ ìtàn náà lódindi sí ìwé kékeré, ẹ fi okùn so ó mọ́ tábìlì, kí bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀. Bí ìwé náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi pín-ín-nì dè láàárín, iye ojú ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́rin pín. Mẹ́rìnlélógún yín bá a mu, àfi tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn ìwé kún un, nígbà náà ó di méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ní ti sísọ ọ́ di ńlá, àpótí kan ṣoṣo ló tó, lẹ́nu ọ̀nà, láti fi pe èèyàn wọlé. Àwọn yòókù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tóbi. Ṣé ẹ rí Spiegelman? Bí ìwé Maus ṣe tóbi gan-an ló ṣe ya àwọn ewé rẹ̀, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìṣirò rèé fún èyí tí ẹ bá fẹ́ fẹ̀: A4 tí ẹ fi skánà mú ní 600 dpi (iye àmì tó wà nínú íńṣì kan) á di A2 ní 300 dpi, á sì mọ́ lójú. Bí ẹ bá fà á dé A1, ó ti já sí bíi 212, etí lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúruwùru fún ẹni tó sún mọ́ ọn. Ẹ tọ́jú fáìlì sí TIFF tàbí PNG. JPEG máa ń da nǹkan bí eruku yí lẹ́tà dúdú ká. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí igun ewé á tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní dọ́gba.

Wàhálà yín gan-an ni báírò àti máàkà. Àró ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń jẹ àró. Máàkà pupa tàbí àwọ̀ osùn lè ṣá láàárín oṣù díẹ̀ bí oòrùn bá ń tàn sí i láti ojú fèrèsé. Ẹ pàtẹ ẹ̀dà tó dára, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà ni. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó ewé lẹ máa gbé kọ́, ẹ gbé e sí ògiri tí oòrùn kì í dé, kí ìmọ́lẹ̀ orí rẹ̀ má ju 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), ìyẹn ìmọ́lẹ̀ iyàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, yíǹkì dúdú oníkáábọ́ọ̀nù tí omi kì í fọ̀, lórí bébà 250 sí 300 giráàmù, ni kí ẹ máa lò. Ẹ yà á sí A3, ẹ dín in kù sí A4 nígbà títẹ̀, ìyẹn ìdá 71 nínú 100. Àléébù kékeré ọwọ́ á pòórá nínú dídín yẹn.

Ẹ sọ fún káfíńtà tó máa ṣe férémù pé ewé kò gbọ́dọ̀ kan gíláàsì. Bí òjò Èkìtì bá mú kí òógùn bo inú gíláàsì, yíǹkì á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ò sì ní lè yọ ọ́ mọ́ láìya. Páálí tí kò ní ásíìdì, tí ẹ gé àárín rẹ̀ bíi fèrèsé, ni ẹ máa fi yà wọ́n nípa. Ẹ tún fi bébà tí kò ní ásíìdì sáàárín ewé àti páláńkì púláíwúùdù ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi á pọ́n ewé náà bí ewé gbígbẹ. Kí ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù tàbí sẹ́lótéèpù kàn án: ẹ fi bébà ká àpò kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ewé kàn wọ inú rẹ̀ bí fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́. Bí pẹ́ńsùlù ṣì wà lójú ewé, ẹ yan gíláàsì dípò pásípéèsì, torí pásípéèsì máa ń fa eruku pẹ́ńsùlù mọ́ra.

Gbígbé kọ́: àárín férémù ní 145 sí 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. Bí ẹ bá tò ó ní ìlà méjì, kí ìsàlẹ̀ pátápátá má lọ sí abẹ́ 100, kí orí má sì kọjá 180. Ewé tó wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́jọ láàárín wọn. Níbi tí ìtàn bá ti bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, ẹ fi 30 sílẹ̀, ojú á mọ̀ pé òun ti kọjá ibì kan. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lápá òsì ẹni tó ń wọlé, ẹ má sì ṣe fi kọ̀rọ̀ ògiri gé ìṣẹ̀lẹ̀ sí méjì. Ìṣó méjì fún férémù kan. Ọ̀kan ṣoṣo, kí ilẹ̀ tó ṣú ni gbogbo rẹ̀ á ti wọ́ bí fìlà ọ̀mùtí.

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ, ọdún, ohun tí ẹ fi ṣe é àti ìwọ̀n rẹ̀: “báírò àti máàkà lórí bébà, 21 × 29.7 cm.” Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ àròkọ aláwẹ́ mẹ́ta sí i láti fi ṣàlàyé pé kọ́míìkì náà jẹ́ iṣẹ́ ọnà.

Orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ya gbogbo nǹkan mi. Oníbàárà kan ní òun fẹ́ ra “ojúlówó.” Kí ni kí n tà fún un? (Adó-Èkìtì)

Ojúlówó kò sí, ẹ má sì ṣe pe ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ojúlówó. Ohun tí ẹ lè tà ni ẹ̀dà oníye. Ẹ pinnu iye rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹyọ kan, ká sọ pé 25. Yíǹkì onípígímẹ́ǹtì lórí bébà òwú 300 giráàmù ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ 1/25, 2/25 títí dé òpin sábẹ́ àwòrán lápá òsì, kí ẹ buwọ́ lù ú lápá ọ̀tún. Ẹ lè fi méjì tàbí mẹ́ta kún un fún ara yín, kí ẹ kọ A.P. (“artist’s proof,” ẹ̀dà ayàwòrán) sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ ìwọ̀n yẹn mọ́ láé. Ẹni tó ra ìkẹta tó wá rí ìkọkànlélọ́gbọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù kò ní ra nǹkan lọ́wọ́ yín mọ́, á sì sọ fún ẹlòmíràn.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé fáìlì kéré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣí kánfáàsì orí tábúlẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n tí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ní 300 dpi ó kéré tán. Ẹ tún mọ̀ pé àwọ̀ ewéko tútù àti búlúù tó ń tàn yòò lójú ẹ̀rọ kò ní tàn bẹ́ẹ̀ mọ́ tó bá dé orí bébà. Ẹ tẹ igun kékeré kan wò kí ẹ tó tẹ márùndínlọ́gbọ̀n.

Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ inú bàlúùnù. Nígbà tí ìwé jáde, àmì ohùn kan gun orí ìlà òkè, àwọn lẹ́tà kan di àpótí òfìfo. Ṣé kí n kúkú yọ àmì kúrò? Àti pé, ṣé mo lè jẹ́ kí ìyá àgbà inú ìtàn sọ Èkìtì? (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ẹ má yọ ọ́. Àpótí òfìfo túmọ̀ sí pé fọ́ọ̀ǹtì yín kò ní lẹ́tà náà. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan fún á, ó sì ní ọ̀kan fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà pẹ̀lú àmì ni ó ń so pọ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀ǹtì kọ́míìkì tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó. Andika, Charis SIL àti Noto Sans mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ “Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ òjò ń ṣẹ́ sórí ẹ̀bá ọ̀nà,” ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n gan-an tó máa jẹ́ nínú ìwé, kí ẹ tó yan fọ́ọ̀ǹtì.

Gígun orí ìlà òkè, lẹ́tà ńlá ló fà á. Àwọn oníkọ́míìkì òyìnbó fẹ́ràn lẹ́tà ńlá nínú bàlúùnù, torí kò sí nǹkan lórí wọn, kò sì sí nǹkan lábẹ́ wọn. Ẹ́ tiwa ní àmì lókè, ó ní àmì nísàlẹ̀. Ẹ lo lẹ́tà kékeré, tàbí kí ẹ fẹ àyè ìlà sí 140 tàbí 150 nínú 100. Bàlúùnù á fẹ̀ sí i, nítorí náà ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dín kù: bí bàlúùnù kan bá ti kọjá ogún ọ̀rọ̀, ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó ya orí èèyàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gèlè ìyá ìyàwó lẹ máa gé kí ọ̀rọ̀ ọkọ lè ráàyè. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ kọ ọ́ lórí A3, lẹ́tà mìlímítà mẹ́rin, àlàfo mẹ́rin láàárín ìlà, kí ẹ sì tẹ àmì abẹ́ lẹ́tà dáadáa, torí yóò kéré sí i nígbà títẹ̀.

Ìyá àgbà lè sọ Èkìtì, ó tiẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀. Kí ó máa pe “ulé” àti “ugi,” kí ọmọ rẹ̀ tó ti Èkó dé máa pe “ilé” àti “igi,” òǹkàwé á mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì láìsí àlàyé. Àmọ́ Èkìtì kì í ṣe ẹyọ kan: ti Adó yàtọ̀ sí ti Òmùò. Ẹ yan ìlú kan, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìwé kan kí ó lè dọ́gba láti ewé kìíní dé òpin, kí àgbà ìlú náà sì kà á sókè fún yín.

Mo ṣí àpótí tí mo kó àwòrán mi sí, mo rí i pé wọ́n ti bu, wọ́n ní àmì dúdú dúdú. (Ìkọ́gòsì-Èkìtì)

Ẹ bo imú yín, ẹ kó wọn síta, ẹ tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níbòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í ṣe nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ tán pátápátá ni kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n wọ́n. Bí ẹ bá nù ún nígbà tó tutù, ẹ ti ti èyí tó bu wọ inú bébà. Àmì dúdú náà lè má lọ. Láti ìsinsìnyí, ẹ gbé àpótí kúrò lórí ilẹ̀ àti lára ògiri, torí ọ̀rinrin àti ikán ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Sílíkà jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ nínú àpótí dára, ẹ máa gbẹ ẹ́ bó bá ti mu omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ lámínéètì àwòrán: gọ́ọ̀mù rẹ̀ wọ inú bébà títí láé, kò sì sí ẹni tó máa ra ojúlówó tí wọ́n ti fi rọ́bà bò.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ra ojú ewé kan lọ́wọ́ mi. Mo tún rí àwòrán náà lára kọ́ọ̀pù àti tí-ṣáátì tí wọ́n ń tà. Wọ́n ní àwọn ti ra á. (Adó-Èkìtì)

Bébà ni wọ́n rà. Ẹ̀tọ́ láti tẹ àwòrán náà síbòmíràn ṣì jẹ́ tiyín àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i pé ẹ gbé e sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ yìí wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ayàwòrán àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà jẹ́jẹ́ sí wọn, kí ẹ so fọ́tò kọ́ọ̀pù náà àti ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ti tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ àìmọ̀kan, owó díẹ̀ á sì parí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi yín ṣẹ̀sín, ó di ti agbẹjọ́rò.

Ní ti èyí tí ẹ máa tà lọ́la, ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì kí wọ́n tó san owó: “Mo ta ojú ewé kan ṣoṣo, yíǹkì lórí bébà, fún gbígbé kọ́ ògiri. Ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ rẹ̀ síbikíbi ṣì wà lọ́wọ́ mi.” Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tún fi skánà mú ewé náà ní 600 dpi kí ó tó kúrò nílé yín.